Èèpo Kòkó Tí Mo Tẹ́ Sábẹ́ Igi

Nígbà tí olóòtú ìwé ògiri wa ní kí oníkálukú kọ nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ sí i lọ́dún yìí, mo ti fẹ́ kọ nípa bọ́ọ̀lù tá a gbá ní sáà tó kọjá. Ṣùgbọ́n gbogbo yín lẹ wà níbẹ̀, ẹ sì mọ bó ṣe parí. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ilé wa nìkan ló mọ̀ ọ́n, ó sì ti ń jẹ mí lọ́kàn láti oṣù Keje. Ó dá lórí igi kòkó 31 tí mo fi ọwọ́ ara mi kó àrùn bá.

Ọ̀pọ̀ wa ní Ajue níbí, kòkó ló ń san owó ilé-ìwé wa. Àwọn kan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ ni òbí wọn ń gbìn. Àwọn mìíràn, bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ ní sómílì ní Ọ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan kan tó ní igbó kòkó. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí ló sì ń kórè kòkó jù ní Nàìjíríà. Nítorí náà, tí mo bá sọ pé kòkó jẹrà, mi ò ní láti ṣàlàyé fún yín pé owó ló jẹrà.

Bàbá àgbà mi ló gbin oko wa. Nígbà tí wọ́n kú, ó bọ́ sọ́wọ́ bàbá mi. Màmá àgbà ṣì wà láyé, wọ́n ṣì ń lọ sóko bí orúnkún wọn bá gbà fún wọn. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn oko yẹn bí ojú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kì í bára mu tó bá di ọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Màmá àgbà kì í fẹ́ kí ilẹ̀ wà ní ìhòòhò. Bí wọ́n bá kọ ebè iṣu, wọ́n á fi koríko bo orí rẹ̀, wọ́n á gbé òkúta kékeré lé e kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Bí wọ́n bá ṣán ewé Akíntọ́lá, wọn kì í sun ún, ńṣe ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé ilẹ̀ tí kò bá wọṣọ, oòrùn ni yóò jẹ ẹ́.

Bàámi ní tiwọn, oko tó mọ́ féfé ni wọ́n fẹ́. Wọ́n á ro ó, wọ́n á gbá ewé ìdí kòkó kúrò, wọ́n á wá gbé páńpù kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n á máa fín oògùn láti oṣù Kẹfà títí òjò yóò fi dá. Wọ́n ní ewé tó wà nílẹ̀ ni àrùn ń sùn sí. Tí Màmá àgbà bá ti sọ̀rọ̀, Bàámi á ní, "Màmá, ayé ti yí padà. Òjò ayé ìgbà yín kọ́ nìyí." Màmá àgbà náà á ní, "Ilẹ̀ ò yí padà, ẹ̀yin lẹ yí i padà." Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀ títí di ọjọ́ mìíràn.

Èmi ò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan nínú wọn, títí di ìparí oṣù Kẹfà, nígbà tá a ṣì wà ní SS1. Tísà wa tó ń kọ́ wa ní Agric kọ "Mulching" sí ojú pátákó. Wọ́n ní kò ju ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe sórí ebè iṣu lọ: kí èèyàn fi ewé, koríko gbígbẹ tàbí pòròpórò bo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n àlàyé tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ló mú mi jí lójú oorun ọ̀sán. Wọ́n ní ẹ̀kán òjò kọ̀ọ̀kan tó bá já lu ilẹ̀ ìhòòhò, bí òkúta kékeré ló rí. Ó ń fọ́ erùpẹ̀ sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ yẹn á dí ihò tí omi ń gbà wọlẹ̀, omi á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lójú ilẹ̀, á sì máa gbé erùpẹ̀ dúdú tó lọ́ràá lọ sí odò. Tí ewé bá wà lórí ilẹ̀, ewé ni ẹ̀kán òjò ń lù. Lábẹ́ ewé, ilẹ̀ tutù lọ́sàn-án, omi kì í tètè gbẹ, ekòló á rí nǹkan jẹ, á máa gbẹ́ ihò kiri, ihò yẹn ni atẹ́gùn àti omi ń gbà dé gbòǹgbò.

Wọ́n tún sọ fún wa pé kì í ṣe ìlú òyìnbó nìkan ni wọ́n ti ṣe ìwádìí yìí. Ní ilé-iṣẹ́ IITA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, onímọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Íńdíà, Rattan Lal, dé síbẹ̀ ní 1970, ó sì lo ohun tó ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lórí ilẹ̀ wa. Ó fi ilẹ̀ tí wọ́n bò wé ilẹ̀ tí wọ́n ro kanlẹ̀. Níbi tó dà gẹ̀rẹ́, òjò ń wọ́ erùpẹ̀ ilẹ̀ ìhòòhò lọ, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bò fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan. Ní 2020, wọ́n fún ọkùnrin yìí ní ẹ̀bùn World Food Prize. Mo ń gbọ́ èyí, inú mi ń dùn. Mo ní lọ́kàn mi pé, àṣé Màmá àgbà ló ti ń sọ òótọ́ láti ọjọ́ yìí!

Ibi tí mo ti ṣìnà nìyẹn. Mo gbọ́ "ẹ bo ilẹ̀", mi ò dúró béèrè ohun tí èèyàn fi ń bo ilẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàámi lọ síbi òkú kan ní ìlú Oǹdó. Màmá àgbà wà nílé, orúnkún ń dùn wọ́n. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin lọ sóko. Níbi tí a ti ń fọ́ kòkó, òkìtì èèpo wà níbẹ̀ láti ìgbà tá a ti kórè kòkó ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Àwọn èso tó ti dúdú tí Bàámi já sọnù wà lórí òkìtì yẹn náà. Mo ní ká kó gbogbo rẹ̀. A fi agbọ̀n ru ú láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, a tẹ́ ẹ yí ìdí igi kòkó ká, èèpo tútù, èso dúdú, gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nígbà tó rẹ̀ wá, mo ka igi tá a ti ṣe: 31. Mo dúró mo ń wò ó. Ó wù mí lójú. Mo ní tí Bàámi bá dé, wọn á mọ̀ pé owó ilé-ìwé tí wọ́n ń san fún mi kò ṣòfò.

Bàámi ò tètè dé oko. Òjò ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ ṣì rántí rẹ̀, òun ló jẹ́ kí a má lè ṣe assembly níta lọ́jọ́ mẹ́ta. Òjò tó le kú, bí ìjà Ọ̀rẹ̀. Nígbà tí a fi padà sóko lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo kọ́kọ́ rí àmì dúdú bí àpá iná lára àwọn èso tó wà nísàlẹ̀ igi. Bí mo ṣe ń lọ, mo ń rí i. Èyí tó sún mọ́ ilẹ̀ ti dúdú tán pátápátá, funfun bí ìyẹ̀fun sì ti hù lára rẹ̀. Èyí tó wà lókè rẹ̀ ti dúdú dé ìdajì. Èyí tó tún wà lókè ìyẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ní àmì. Ńṣe ló dà bí ẹni pé nǹkan kan ń gun igi látilẹ̀. Lórí igi 31 yẹn, èso tó dúdú ju èyí tó ṣẹ́kù lọ. Àwọn igi tó kù nínú oko ní tiwọn náà, ṣùgbọ́n wọn ò tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Bàámi dúró, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo igi. Wọ́n pe bọ̀ọ̀dá tó ń bá wa ṣiṣẹ́ oko.

"Ṣé ìwọ lo kó èèpo sábẹ́ kòkó?"

Bọ̀ọ̀dá ní òun kọ́. Bàámi ò gbà á gbọ́. Wọ́n ní ta ló tún kù tó ń wá sóko yìí lẹ́yìn rẹ̀? Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ike omi lórí. Àbúrò mi ń wò mí. Mi ò sọ nǹkan kan. Bọ̀ọ̀dá tẹrí ba, ó sì ń gbọ́ èébú tó jẹ́ tèmi.

Mi ò lè sùn mọ́jú ọjọ́ yẹn. Láàárọ̀, kí wọ́n tó mu omi, mo kúnlẹ̀ níwájú Bàámi, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n kọ́ ẹ tó ní kó o kó òkú jọ sí ẹsẹ̀ alààyè?" Wọ́n ní kí n lọ bẹ bọ̀ọ̀dá kí wọ́n tó rí mi lójú. Mo lọ. Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, ó ti tán. Bàámi náà sì fúnra wọn lọ bá a. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò burú yẹn, ó burú.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá tísà wa, mo rò pé wọ́n á bá mi wí. Wọ́n kàn ní kí n jókòó. Wọ́n ní àwọn ló yẹ kí àwọn ti sọ ọ́ ní kíláàsì, pé ohun tó bo ilẹ̀ lè ṣe ilẹ̀ lóore kó sì ṣe igi níbi.

Wọ́n ṣàlàyé àrùn náà fún mi. Orúkọ rẹ̀ lédè àwọn onímọ̀ ni Phytophthora, tó túmọ̀ sí apa-igi ní èdè Gíríìkì. Ẹ̀yà méjì ló ń yọ kòkó wa lẹ́nu, èyí tí wọ́n ń pè ní megakarya ló sì burú jù. Ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà nìkan ló wà. Ọmọ ìyá rẹ̀ kan ló jẹ ànàmọ́ òyìnbó run ní Ireland ní 1845, tí ìyàn fi mú, tí ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn kú, tí àwọn mìíràn sì sá lọ sí Amẹ́ríkà. A máa ń kà á mọ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ní ó sún mọ́ ewédò ju olú lọ. Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ràn omi. Irúgbìn rẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí, ní ìrù tó fi ń wẹ̀ nínú omi. Ó lè sùn sínú ilẹ̀ àti sínú èso tó ti jẹrà láti ẹ̀ẹ̀rùn títí òjò yóò fi dé. Tí òjò bá lu ilẹ̀, omi á ta á sókè sára èso tó wà nísàlẹ̀. Èrùn tó ń fi erùpẹ̀ kọ́lé sára igi náà á gbé e gòkè. Láti ara èso kan, òjò á tún fọ̀ ọ́ sí òmíràn.

Ẹ wá wo ohun tí mo ṣe. Mo kó ilé àrùn wá, mo tẹ́ ẹ sí ìdí igi, òjò sì bá mi pín in kiri.

Bàámi lọ sí Ọ̀rẹ̀, wọ́n ra oògùn. Owó tí wọ́n fi rà á, owó tí wọ́n ti ń tù jọ díẹ̀díẹ̀ fún ìdánwò WAEC mi ni. Wọn ò sọ ọ́ fún mi, ìyá mi ló sọ ọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fín oògùn. Wọ́n kọ ọ́ sára oògùn náà pé sásẹ́ẹ̀tì kan fún páńpù kan. Bàámi ń da méjì. Wọ́n ní àrùn yìí ti le ju ohun tí sásẹ́ẹ̀tì kan lè ká. Wọ́n fín èso, wọ́n fín igi, wọ́n fín ilẹ̀ tí mo tẹ́ èèpo sí, títí ilẹ̀ fi pọ́n. Wọn ò bo imú. Ní alẹ́, wọ́n ń wúkọ́. Mo ń gbọ́ ọ láti yàrá wa, gbogbo ikọ́ yẹn sì ń wọ̀ mí lára bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń nà.

Ní ọjọ́ kan nínú ìsinmi, Màmá àgbà ní kí n mú ọkọ́ tẹ̀ lé àwọn. Wọ́n mú mi lọ sẹ́bàá abà, níbi tí wọ́n ti ń po oògùn láti ìgbà tí Bàbá àgbà ṣì wà láyé. Ẹ̀yin tí ẹ ní oko kòkó, ẹ lọ wo irú ibẹ̀ nínú oko yín. Koríko kì í fẹ́ hù níbẹ̀. Màmá àgbà ní kí n gbẹ́ ẹ. Mo gbẹ́ ilẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú, ẹsẹ̀ bàtà kan lóròó, ó jìn tó ẹnu ọkọ́. Mo fi ọwọ́ fọ́ erùpẹ̀ náà wò. Kò sí ekòló kankan. Kò sí ikán, kò sí èèrà. Ó le, ó sì gbẹ bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò rọ̀ lánàá. Wọ́n ní kí n bọ́ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tẹ́ ewé gbígbẹ sí lọ́dọọdún. Mo gbẹ́ ìwọ̀n kan náà. Ekòló mẹ́sàn-án. Erùpẹ̀ náà dúdú, ó ń fọ́ bí àkàrà lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà a gbẹ́ àárín igi kòkó tí Bàámi máa ń gbá tí wọ́n sì ń fín. Ekòló méjì.

Màmá àgbà ò sọ nǹkan púpọ̀. Wọ́n ní, "Wò ó, kọ ọ́ sínú ìwé ẹ. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní àgbà ló ń sọ̀rọ̀."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì fi han tísà. Wọ́n ní gbígbẹ́ ẹ̀ẹ̀kan kò tó láti fi dájọ́, ó yẹ kí n gbẹ́ ojú mẹ́ta mẹ́ta ní ibi kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun tí mo rí kò ya àwọn lẹ́nu. Bàbà ló wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ oògùn tá a fi ń fín kòkó nítorí àrùn yìí. Bàbà kan náà tó wà nínú wáyà iná. Ilẹ̀ Faransé ni àṣà yìí ti bẹ̀rẹ̀, ní agbègbè Bordeaux, níbi tí wọ́n ti ń gbin èso àjàrà. Ní 1885, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Millardet kéde pé tí wọ́n bá po iyọ̀ bàbà mọ́ ẹfun ìkunlé, ó ń dáàbò bo àjàrà lọ́wọ́ àrùn kan tó jẹ́ ẹbí èyí tó ń ba kòkó wa jẹ́. Oògùn yẹn ló rìn títí tó fi dé oko kòkó wa, láyé ìjọba Western Region.

Ó dára, ó ṣiṣẹ́. Ibi tí wàhálà wà ni pé bàbà kì í jẹrà. Ewé ń jẹrà, egungun ń jẹrà, ọ̀pọ̀ kẹ́míkà mìíràn sì wà tí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ń jẹ run díẹ̀díẹ̀. Bàbà kò rí bẹ́ẹ̀. Òjò á fọ̀ ọ́ kúrò lára èso, á bọ́ sílẹ̀, á lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀ òkè tí gbòǹgbò kòkó ń jẹun nínú rẹ̀. Ti èṣí wà níbẹ̀, ti ọdún yìí á wá bá a, ti ọdún tó ń bọ̀ náà á wá. Igi nílò bàbà díẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá pọ̀ jù, ekòló á sá, tàbí kó kú. Àwọn olú tíntìntín tó ń so mọ́ gbòǹgbò kòkó, tó ń bá a wá oúnjẹ nínú ilẹ̀, wọ́n máa ń jìyà pẹ̀lú. Oògùn tá a ṣe láti pa irú wọn kì í béèrè èwo ni ọ̀rẹ́, èwo ni ọ̀tá.

Àwọn onímọ̀ CRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìbàdàn láti 1964, ti wá yẹ ilẹ̀ oko kòkó tí wọ́n ń fín ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí wò, wọ́n sì rí i pé bàbà ń kó jọ sínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù tí oògùn yìí ti wá, òfin ti dé e báyìí. Àgbẹ̀ kò gbọdọ̀ lo ju kílò 28 bàbà lọ sórí hẹ́kítà kan láàárín ọdún méje.

Nígbà tí mo gbọ́ gbogbo èyí, mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, Bàámi ló jẹ̀bi nígbà náà." Tísà wò mí, wọ́n ní, "Tí bàbá ẹ ò bá fín oògùn lọ́dún yìí, kí lo rò pé ó máa kù lórí igi?" Mi ò rí èsì fọ̀. Òótọ́ ni. Ọdún tí òjò bá pọ̀, tí èèyàn ò bá fín, àrùn yìí lè jẹ ju ìdajì oko lọ. Ẹni tó bá sọ fún àgbẹ̀ pé kó ju páńpù nù, kó múra láti bá a san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀.

Ohun tó wá yé mi ni pé àwọn méjèèjì ní òótọ́ lọ́wọ́, ó sì ku ìdajì. Màmá àgbà gbà pé kí ilẹ̀ wọṣọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo aṣọ ni èèyàn ń wọ̀. Aṣọ ẹni tí àrùn pa, èèyàn kì í gbé e wọ̀. Bàámi gbà pé àrùn ń gbé nínú pàǹtí ilẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ewé gbígbẹ kọ́ ni ilé rẹ̀, èso tó ti jẹrà ni. Nígbà tí Bàámi bá sì gbá ewé kúrò tán, òjò á rí ilẹ̀ ìhòòhò lù, ni ẹrẹ̀ tó ní àrùn nínú bá ń ta sókè sára èso. Ewé tí wọ́n ń gbá dànù yẹn ni ìbá dá omi ẹrẹ̀ dúró. Kò tán síbẹ̀ o. Ilẹ̀ tí ewé ti jẹrà sínú rẹ̀ dáadáa máa ń di bàbà mú, kò ní jẹ́ kó tètè dé ibi tí yóò ti ṣe gbòǹgbò níbi. Ìyẹn ni pé ẹni tó máa lo oògùn gan-an ló nílò ewé nílẹ̀ jù.

Mo bẹ tísà kí wọ́n bá mi dé ilé. Wọ́n wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Bàámi fún wọn ní àga àti omi. Mi ò ní ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Bàámi ní, "Tísà, ẹ̀kọ́ yín ló kó mi sí gbèsè." Tísà ní, "Ẹ máa bínú, sà. Ìdajì ẹ̀kọ́ ló gbọ́. Mo wá sọ ìdajì tó kù." Wọ́n sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí wọ́n parí, Bàámi yíjú sí mi, wọ́n ní, "Igi 31 yẹn, tìrẹ ni títí òjò yóò fi dá. Ṣe é bí wọ́n ṣe wí. A óò wò ó."

Èyí ni ohun tí mo ṣe. Ọjọ́ kìíní, èmi àti àbúrò mi kó gbogbo èèpo àti èso dúdú kúrò, a gbẹ́ kòtò sí ibi tó jìnnà sí kòkó, a sin ín, a fi erùpẹ̀ bò ó dáadáa. Gbogbo Sátidé, mo ń já èso tó bá ní àmì dúdú, bó ti wù kó kéré mọ, mo sì ń sin ín lọ́jọ́ náà. Bọ̀ọ̀dá gé ẹ̀ka tó dí ara wọn kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ lábẹ́ igi, nítorí àrùn yìí ò fẹ́ràn ibi tó bá tètè gbẹ. Mo fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ àti koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó kan ara igi. Mo ti fẹ́ lọ gbé ìyẹ̀fun pákó ní sómílì Ọ̀rẹ̀, nítorí ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ tísà ní tó bá ṣì tutù, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ẹ́ máa ń gba oúnjẹ lẹ́nu igi. Àfi tó bá ti pẹ́ tó ti dúdú.

Bàámi ń bá mi fín in, sásẹ́ẹ̀tì kan fún páńpù kan, èso ni wọ́n ń fín, kì í ṣe ilẹ̀. Ìyá mi rán aṣọ ìbomú fún wọn. Ibi tí wọ́n ti ń po oògùn, wọ́n ti fi tápólì sí i, kí èyí tó bá dà má bàa wọ ilẹ̀.

Èèpo kòkó tútù, a ò jẹ́ kó sún mọ́ igi mọ́. Màmá àgbà kọ́kọ́ bínú sí èyí, wọ́n ní oúnjẹ ilẹ̀ ni. Tísà ní òótọ́ ni, eérú rẹ̀ ló sáà ń mú ọṣẹ dúdú hó, ohun tó wà nínú eérú yẹn náà sì ni kòkó ń lò láti fi so. Àmọ́ ó yẹ kó kọ́kọ́ jẹrà tán lókìtì níbòmíràn, kó gbóná, kó tutù, kó di erùpẹ̀, kí a tó dá a padà sóko. Màmá àgbà gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn náà ló máa yan ibi tí òkìtì á wà.

Ẹ ó fẹ́ mọ bó ṣe parí. Igi 31 yẹn, èyí tó ti jẹrà kò padà wá. Owó WAEC tó lọ kò tíì pé padà, ìyá mi ń fi ẹ̀gúsí dí i. Ṣùgbọ́n láti ìparí oṣù Kẹjọ títí a fi kórè ní oṣù Kẹwàá, èso dúdú tí mo ń já ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dín kù, nígbà tí òjò oṣù Kẹsàn-án ṣì ń rọ̀. Sásẹ́ẹ̀tì méjì méjì tí Bàámi ń lò níbi tó kù nínú oko kò fún wọn ní nǹkan tó ju tèmi lọ. Bàámi fúnra wọn ló kà á. Wọn ò yìn mí o. Wọ́n kàn béèrè pé kòtò tí mo gbẹ́, báwo ló ṣe jìn tó, lọ́jọ́ kejì wọ́n sì mú ọkọ́ lọ síbi tó kù.

Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ abà yẹn ṣì wà bó ṣe wà. Mo gbẹ́ ẹ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ojú mẹ́ta bí tísà ṣe wí. Kò sí ekòló kankan. Tísà ní ó lè pẹ́, bàbà tó ti wọlẹ̀ láti ayé Bàbá àgbà kì í jáde ní ọdún kan. Mo ti tẹ́ ewé sí i. N óò tún gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i kí a tó wọ sáà kejì.

Nítorí náà, ohun kan ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ògiri yìí. Ní Sátidé yìí, ẹ mú ọkọ́ lọ sóko yín. Ẹ gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń po oògùn, ẹ gbẹ́ abẹ́ kòkó, ẹ gbẹ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ewé bò, ojú mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ ka ekòló tí ẹ bá rí. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí èyí wà. Mo ti fi àyè sílẹ̀ fún yín níbẹ̀. Tiwa ló wà lókè: òdo, méjì, mẹ́sàn-án.